Bí Mo Ṣe Bọ́ Àwọn Bàbá Ìlú Láṣọ, Tí Mo sì Tún Wọṣọ fún Wọn

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ń ronú iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi jẹun láyé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Abíọ́lá ni orúkọ tí ìyá mi sọ mí, àmọ́ láti Ìgbógílà títí dé Ìlaròó, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Alákìísà ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, orúkọ yẹn máa ń dùn mí dé ọkàn, tí wọ́n bá pè mí báyìí lójú ọ̀nà ọjà, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní báyìí, mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà mi. Ṣebí àwọn baba wa ló sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ wá wo yàrá mi kẹ́ ẹ rí àkísà.

Àwòrán àlẹ̀mọ́ ni iṣẹ́ mi. Ẹlòmíì á fi ọ̀dà kun àwòrán. Èmi ní tèmi, ìrépé aṣọ, kàlẹ́ńdà èṣí, páálí, àpò sìmẹ́ńtì, ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá ṣáà ti tó, màá gé e, màá ya á, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó títí yóò fi di ojú èèyàn, tàbí igi, tàbí ọjọ́ ọjà. Ó lé lógójì ọdún tí mo fi ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ló ní kí n jókòó. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú rẹ̀, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ sọ fún yín.

Ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Gbàdàmọ́sí ní Ìlaròó, tòun ti àkùkọ kan àti iṣu márùn-ún. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó iṣẹ́ ńkọ́? Mo jẹun, mo sùn, mi ò kú, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àjàṣẹ́ ni ọ̀gá mi yìí ti kọ́ṣẹ́, lọ́hùn-ún tí èèyàn bá ré Ìdí-Ìrókò kọjá, nítorí náà Faransé kéékèèké máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ tó sì dùn, á nu ẹnu, á ní, "Sẹ́ bọ̀n," ìyẹn ni pé ó dára. Oúnjẹ nìkan ló ń sọ ọ́ fún. Àwa mẹ́rin tá a jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi nìkan ni obìnrin nínú wa, mo sì ti bá orí mi sọ ọ́ pé mi ò ní kúrò lọ́dọ̀ bàbá yìí láìgbọ́ sẹ́ bọ̀n.

Ní ọdún àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yí ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ ìlú po, kí n gba ìrépé tó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ wọn, kí n kó o wálé, kí n sì ṣà á sínú apẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: ti dúdú, ti pupa àti ti funfun. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, àfi ìgbà tí mo mú aṣọ kan tó ní àwọ̀ ewé, tí mi ò mọ ibi tí màá sọ ọ́ sí. Mo wá dọ́gbọ́n, mo lọ mú igbá kan ní ilé ìdáná, mo sọ ọ́ di apẹ̀rẹ̀ kẹrin. Ọ̀gá dé, ó wo igbá, ó wo ojú mi, ó sì da gbogbo ohun tí mo ti fi ọjọ́ méjì ṣà sílẹ̀ ràì. Ó bi mí pé tí èèyàn bá dúró lókèèrè wo igbó, kí ló máa ń rí. Mo ní igbó dúdú ni. Ó ní kí ni mo wá ń gbé igbá kiri fún. Mo bi í ní ti àwọ̀ ìyeyè, ó ní ṣé mo ti rí ìyeyè tó pọ́n tí kò bá epo àti iyẹ̀pẹ̀ Ìlaròó tan rí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tomijé tomijé.

Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ yín ní àwọ̀ méjìlá ní ilé ìwé, ẹ sì lè máa rẹ́rìn-ín ọ̀gá mi. Ẹ rọra. Nígbà tí mo ti kó gbogbo ayé sínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, ó wá di dandan kí n máa wo inú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á ní kí n bá òun mú pupa tó ń bínú wá. Màá mú ọ̀kan lọ, á ní èyí kò bínú, ariwo lásán ló ń pa. Á ní kí n mú dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Á ní kí n mú èyí tí ọkọ rẹ̀ kò tíì dé. Nígbà tí ọdún fi máa yí po, mi ò lè wo àwọ̀ kan ṣoṣo mọ́, aládùúgbò rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Pupa kan náà tó ń ṣe bí ọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, tí èèyàn bá gbé e ti pupa ẹgbẹ́ rẹ̀, á rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ìránṣẹ́. Títí dòní, tí mo bá wọ ọjà, mi ò kì í kọ́kọ́ rí ọjà tí wọ́n ń tà, ohun tí aṣọ ẹni kan ń ṣe fún aṣọ ẹni kejì ni ojú mi ń lọ sí.

Apẹ̀rẹ̀ funfun yàtọ̀ ní tirẹ̀. Orí àjà ni ọ̀gá fi okùn so ó rọ̀ sí. Tá a bá rí ìrépé funfun, inú abọ́ kan la máa ń kó o sí, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e wọ yàrá, a ò mọ ohun tó ń fi ṣe níbẹ̀, á wá fà á sókè sínú apẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àfi lọ́jọ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán, tó gba ìdáǹdè. Tí iṣẹ́ bá dé ibi funfun, ọ̀gá ló ń lẹ̀ ẹ́, àwa á sì jáde.

Ọwọ́ wa la fi ń se gọ́ọ̀mù. Àwa ará Yewa tá a ń fi ẹ̀gẹ́ jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́, sítáàṣì kò lè wọ́n wa. Èyí tó bá tòrò sí ìsàlẹ̀ omi ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gààrí la máa ń bù, a ó rò ó lórí iná títí yóò fi máa fà. Lẹ́yìn náà la ó da omi ewé dóńgóyárò tá a ti sè dáadáa lé e, tí gbogbo rẹ̀ á wá korò débi pé èèyàn ò ní gbàgbé tó bá fi kan ahọ́n. Ohun tó ń lé eku àti aáyán jìnnà sí iṣẹ́ wa nìyẹn. Ìyọnu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé omi dóńgóyárò máa ń rin aṣọ, tí àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Lára dúdú àti pupa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lára funfun, á yọ sójú bí ìdọ̀tí.

Ọdún kẹrin mi ni àwọn ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn ìlú mi, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìgbógílà, gbé iṣẹ́ ńlá wá. Tíṣà Ọlátúnjí ni alága wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Wọ́n fẹ́ àwòrán àwọn bàbá mẹ́sàn-án tó pilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi odán nínú aṣọ funfun, nítorí aṣọ funfun ni wọ́n máa ń wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ parí ìjà. Àwọn bàbá náà ti kú, fọ́tò wọn ni wọ́n fún wa. Nítorí pé ìlú mi ni, ọ̀gá fi iṣẹ́ náà sí ọwọ́ mi, òun á kàn máa wò ó. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

A ò tíì dé ìdajì nígbà tí ọ̀kadà gbá ọ̀gá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun ní Àjàṣẹ́. Kí wọ́n tó tì í sínú mọ́tò, ó pè mí, ó ní kí n parí igi, kí n parí ojú, fìlà, ọwọ́ àti bàtà. "Funfun," ó ní, "kó dúró dè mí."

Mo parí gbogbo ohun tó sọ. Ìgbà tí mo wò ó, ara mi yá gágá: ojú àwọn bàbá náà ń wò mí, fìlà wọn dáa, igi odán dúdú lóríṣiríṣi lókè orí wọn. Aṣọ nìkan ló kù. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i ń sún mọ́lé, Tíṣà Ọlátúnjí sì wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kàn ń mí kanlẹ̀. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún yín: kì í ṣe Tíṣà ló lé mi sáré. Mo ti ń ro bí ọ̀gá ṣe máa dé, tí yóò rí i pé èmi Abíọ́lá ti dá parí rẹ̀, tí yóò nu ẹnu, tí yóò sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò láyà láti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Mo wá wọ mọ́tò lọ sí Owódé, mo ra bébà kan tó wá láti òkè òkun, ó nípọn, ó funfun bí ẹyẹ lékeléke. Mo se sítáàṣì, mo sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì da dóńgóyárò sí i, kí ó má baà rin bébà mi. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àṣegbé kò sí, ẹ̀yin ọmọ mi, àṣepamọ́ ló wà.

A gbé àwòrán náà lọ sí gbọ̀ngàn, a gbé e ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ ń kó gààrí sí, a fi aṣọ tó nípọn bò ó. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ó lò tó ọjọ́ méjìlá níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣí i wò. Lọ́jọ́ tó pé, gbogbo ìlú kún inú gbọ̀ngàn, wọ́n gbàdúrà mùsùlùmí, wọ́n gbàdúrà onígbàgbọ́, wọ́n wúre ìṣẹ̀ṣe, Tíṣà Ọlátúnjí sì fa aṣọ náà sílẹ̀.

Àwọn bàbá ìlú wà ní ìhòòhò.

Eku ti jẹ gbogbo funfun tán pátápátá, aáyán sì ti bá wọn lá èyí tó kù. Wọn kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Fìlà wà lórí, bàtà wà lẹ́sẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́, láàárín fìlà àti bàtà, pátákó lásán ni. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn sì gbá wọn lẹ́nu. Àlájà Sínótù, tí bàbá rẹ̀ jókòó ṣe ìkẹta láti apá òsì, dìde dúró, kò sì pariwo. Ó ní, "Ta ló bọ́ bàbá mi láṣọ?"

Mo gbàdúrà pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Tíṣà Ọlátúnjí ló fúnra rẹ̀ gbé aṣọ tó fà sílẹ̀, ó fi bo àwọn bàbá náà, àwọn èèyàn sì ń jáde ní méjì méjì bí ẹni tó ń ti ilé òkú bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá dé láti Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbátí. Kò gbá mi. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó ṣí aṣọ náà, ó fi èékánná ha sítáàṣì tó kù lára pátákó, ó fi kan ahọ́n. "Ó dùn," ló sọ. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé fún mi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ó ti bẹ Tíṣà, Tíṣà sì ti gbà kí ó di ọjọ́ ìkórè ìlú, oṣù méjì sí i. Òun kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, òun kò sì ní sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Tí àwọn bàbá bá wọṣọ kó tó di ọjọ́ yẹn, ó dáa. Tí wọn kò bá wọ̀ ọ́, kí n di ẹrù mi lọ bá ìyá mi, nítorí láti Ìgbógílà dé Ijoun, kò tún sẹ́ni tó máa gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń jẹ́ Gbàdàmọ́sí mọ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo di àgbà. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n padà sí Owódé lọ ra bébà míì, kí n fi dóńgóyárò sí gọ́ọ̀mù lọ́tẹ̀ yìí, kí n fara mọ́ ìdọ̀tí. Àmọ́ ohùn Àlájà kò kúrò létí mi. Mo rí i pé ìbéèrè ló bi mí, mi ò sì tíì dáhùn. Tí wọ́n bá bọ́ bàbá èèyàn láṣọ níta gbangba, ta ló yẹ kó wá aṣọ fún un, bí kì í bá ṣe àwọn ọmọ rẹ̀?

Ilé Àlájà ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ títí orúnkún mi fi kú. Nígbà tó bi mí pé kí ni mo wá ṣe, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láṣọ, kí n fi wọ bàbá yín." Ó wò mí, ó wọlé, ó pẹ́ débi pé mo rò pé igi ló lọ mú. Aṣọ funfun tó wọ̀ lọ sí Mẹ́kà ló gbé jáde, tó ti ká sínú àpótí láti ìgbà náà. Ó fúnra rẹ̀ gé ìbú ọwọ́ méjì níbẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Tí eku bá tún jẹ eléyìí, ìwọ ni màá fi wọ bàbá mi."

Láti ibẹ̀, ó di ilé dé ilé. Ìyá Ìjọ, tí wọ́n jẹ́ aládùúrà, fún mi nínú sùtánà ọkọ wọn tó ti kú, èyí tí wọ́n ti fi búlúù ìfọṣọ fọ̀ fún ogún ọdún. Ìyá tó ń bọ Ọbàtálá fún mi ní etí àlà, aṣọ òfì funfun tí ìyá rẹ̀ hun. Tíṣà fúnra rẹ̀ fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì tó fi kọ́kọ́ wọ kíláàsì. Ilé kan fún mi ní aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ láfún, wọ́n ní àwọn ò ní funfun míì, àmọ́ bàbá àwọn fẹ́ràn láfún. Ilé tó kẹ́yìn ni ti Ìyá Ṣókẹ́. Ó tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, ó ní mo ti dójú ti àwọn tó. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó wá bá mi ní ilé ìyá mi, ó ju àpò ìrọ̀rí kan sórí itan mi, òdòdó kékeré kan tí wọ́n fi òwú funfun rán wà ní igun rẹ̀. Ó ní òun ò sọ pé òun dárí jì mí o, orí bàbá àwọn ló sùn lé ìrọ̀rí yẹn.

Mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní. Kò sí ọ̀kan tó funfun nínú wọn. Lójú ara rẹ̀ ní ilé, kálukú funfun. Nígbà tí wọ́n pàdé, àlà ń fì sí pupa bí ògì tó pẹ́ nínú ìkòkò, sùtánà ń fì sí dúdú, aṣọ Mẹ́kà rí bí omi ìrẹsì, aṣọ láfún ò tiẹ̀ ṣeé sọ. Mo po oògùn ìfọṣọ tó ń bó àwọ̀ sínú abọ́ ńlá, kí n rẹ gbogbo wọn kí wọ́n lè dọ́gba. Mo ti mú àlà dání lókè abọ́ nígbà tí mo rántí igbá mi ní ọdún àkọ́kọ́, àti igbó tí ọ̀gá ní kí n fojú inú wò lókèèrè. Mo gbé àlà náà kúrò, mo tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sùtánà, mo sì dúró lókèèrè. Àlà gbóná. Sùtánà tutù. Àwọn aṣọ méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀, bí àgbà méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì bára mu, àmọ́ tí wọ́n ṣì jókòó. Ṣebí ohun tí àwọn bàbá yẹn ń ṣe lábẹ́ odán nìyẹn. Mo pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé pẹ̀lú orógùn. Mo da omi oògùn náà nù.

Mo se gọ́ọ̀mù, mo sì da dóńgóyárò sí i bí ẹni tí wọ́n ṣépè fún. Omi kíkorò yẹn rin aṣọ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe bẹ̀rù. Ibi tó sì rin ún sí ni ibi tí aṣọ ti ká: abẹ́ apá, orí itan, ibi tí agbádá ti ṣẹ́ po. Ó di òjìji. Ohun tí mo torí rẹ̀ sá lọ sí Owódé ni ohun tó jẹ́ kí agbádá di agbádá. Nígbà tí mo parí, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ yàrá gààrí, ibi tí eku ti jẹ èyí àkọ́kọ́, mo fi aṣọ bò ó fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ ìkórè, èrò inú gbọ̀ngàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹlòmíì wá wòran àbùkù mi. Tíṣà di ojú pa, ó fa aṣọ sílẹ̀. Àwọn bàbá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jókòó nínú aṣọ wọn, kálukú nínú funfun ilé rẹ̀, kò sí etí kan tí eku gé. Àlájà rìn lọ síwájú, ó fi ọwọ́ pa agbádá ẹnì kẹta láti apá òsì, ó ní, "Bàbá ti wọṣọ." Ibẹ̀ ni ariwo ayọ̀ ti bẹ́. Àwọn èèyàn ń na ìka sí aṣọ ilé wọn, wọ́n ń fi han ọmọ wọn, Ìyá Ṣókẹ́ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òdòdó tòun nìyẹn. Ọ̀gá mi fi ọ̀pá rìn gba àárín èrò kọjá. Ó wo funfun náà pẹ́. Ó wá fi èékánná ha gọ́ọ̀mù ní etí pátákó, ó fi kan ahọ́n, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó tutọ́ sínú áńkáṣífì, ó sì nu ẹnu.

"Sẹ́ bọ̀n," ó ní.

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, mi ò sì tijú.

Nígbà tó fún mi ní ìdáǹdè, kò ṣe ayẹyẹ. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ funfun kalẹ̀ láti àjà, ó ní kí n wò ó. Kò sí funfun kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ìrépé tó ń gbé wọ yàrá láti ọjọ́ yìí, inú omi dóńgóyárò ló ń rẹ wọ́n sí, àwọn kan bí ẹyin ìbílẹ̀, àwọn kan bí eérú, àwọn kan bí eyín arúgbó. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní díẹ̀ nínú wọn fún ìbẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tèmi. Ó kọ̀, ó ní mo ti mọ ilé tí wọ́n ti ń tọrọ tèmi.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mi ti dé Àjàṣẹ́, ó ti dé Kútọnu, ó ti dé Èkó. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti Àjàṣẹ́ bọ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹnu ààlà dá mi dúró, wọ́n bá àpò ìrépé méjì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní òkìrìkà ni mò ń kó wọlé. Mo ṣàlàyé títí, ọ̀gá wọn ò gbà, ó ní iṣẹ́ wo ló ń lo àkísà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo mú páálí, mo mú gọ́ọ̀mù, mo fi ìrépé lẹ ojú rẹ̀ síbẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n àti ìbínú rẹ̀, mo sì fi pupa tó ń bínú ṣe etí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Ó gba àwòrán náà, ó ní kí n máa lọ.

Irinṣẹ́ ti yí padà lọ́wọ́ mi. Gọ́ọ̀mù inú ike dé, tí wọ́n ti pò tán. Bíléèdì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlùmọ́gàjí. Lẹ́yìn náà ni fẹ́lẹ́sì dé, rọ́bà fífẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí, tó lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ pátákó lọ sóko. Mi ò bá fẹ́lẹ́sì jà. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ń fi kọ̀ǹpútà ya tiwọn kí wọ́n tó gé aṣọ kan, èmi náà sì máa ń bẹjú wò ó. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ohun tí mò ń sọ fún wọn ò ju pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣà á sí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n máa ń kùn. Èmi náà kùn.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún gbọ̀ngàn ìlú wa ṣe. Alága tuntun jẹ́ ọmọkùnrin kan tó mọ̀wé, tó sì níwà. Ó pè mí sí ìpàdé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú, àwòrán yẹn ti gbó, funfun rẹ̀ ti di oríṣi mẹ́sàn-án. Ó ti yà á sí fóònù, kọ̀ǹpútà ti bá a fọ̀ ọ́, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ sí fẹ́lẹ́sì. Ó tú u sílẹ̀ ká wò ó. Lóòótọ́, ó mọ́. Aṣọ àwọn bàbá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán funfun bákan náà, bí bébà tí mo rà ní Owódé. Àgbà ti dé sí mi, mo sì ń rò ó pé bóyá àsìkò àwòrán náà ti tó.

Ọmọ Àlájà Sínótù ló dìde, òun náà ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó bi alága pé, "Ṣé ẹ tún fẹ́ bọ́ bàbá wa láṣọ ni?" Alága kò mọ ìtàn, ó ní kí ni Màmá ń wí. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níkọ̀ọ̀kan. Ẹni yìí ní sùtánà bàbá àwọn nìyẹn. Ẹni tọ̀hún ní òfì ìyá ìyá òun ni. Ọmọ Tíṣà ní ẹ wò ó, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tí a kò tíì bí nígbà yẹn mọ aṣọ ilé wọn láàárín mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n sọ tán, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí kò sẹ́ni tó dìde fún, èyí tó jókòó kẹ́yìn ní apá ọ̀tún. Mo bi alága pé kí ni orúkọ ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Ó ní Ìyá Ṣókẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo ní kí ó lọ wo etí agbádá bàbá yẹn dáadáa.

Ó lọ. Ó tẹ̀ ba, ó rí òdòdó kékeré tí wọ́n fi òwú funfun rán, ó sì fi ìka tọ ọ́ yí po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó pẹ́ kí ó tó nàró. Lẹ́yìn náà ló ká fẹ́lẹ́sì rẹ̀ jọ, ó ní wọ́n á rí ẹnu géètì gbé e kọ́, ó sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí wọ́n bá máa kun ògiri yí àwọn bàbá ká, àwọ̀ wo ni kí àwọn rà?

Mo ní èyí tó bá wù ú, kó má ṣáà ti ra funfun.